Oúnjẹ Kítò Gẹ́gẹ́ bí Oògùn: Àlàyé fún Òbí Ọmọ tí Ọpọlọ Rẹ̀ Kò Rí Ṣúgà Lò

Bí a bá dárúkọ kítò lónìí, ìyẹn oúnjẹ tí ọ̀rá pọ̀ nínú rẹ̀ gan-an, tí ṣítáàṣì àti ṣúgà sì kéré, ẹni tó máa ń wá sí ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́kàn ni àgbàlagbà tí ó fẹ́ fọn, tí ó sì ti pa ẹ̀bà àti ìrẹsì tì nítorí ikùn. Ṣùgbọ́n kí ìyẹn tó di àṣà, oúnjẹ yìí ti ń ṣe iṣẹ́ oògùn ní ilé ìwòsàn fún àwọn ọmọ tí wárápá ń bá fínra, àwọn ọmọ kan sì wà títí di òní tí kò sí oògùn mìíràn tí ó bá àìsàn wọn mu tó o. Àwọn ọmọ wọ̀nyí ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí: àwọn tí a bí pẹ̀lú ọpọlọ tí ṣúgà kò ráyè wọ̀, àti àwọn tí ṣúgà ń wọ inú ọpọlọ wọn, ṣùgbọ́n tí ọpọlọ náà kò lè lò ó.

Ọpọlọ kò wúwo. Nínú ara àgbàlagbà, bíi ìdá 2 nínú 100 ìwọ̀n ara ni, síbẹ̀ bí a bá jókòó jẹ́ẹ́ láìṣe nǹkan kan, òun nìkan ń gba bíi ìdá kan nínú márùn-ún agbára tí ara ń ná. Ti ọmọdé tún ju bẹ́ẹ̀ lọ: ní nǹkan bí ọmọ ọdún márùn-ún, ohun tí ọpọlọ ń gbà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì gbogbo agbára tí ọmọ náà ń ná lóòjọ́. Glúkóòsì ni ọpọlọ fi ń dáná, ìyẹn ṣúgà tí ara ń yọ láti inú ẹ̀kọ, iyán, ìrẹsì, búrẹ́dì àti ohun dídùn gbogbo, tí ẹ̀jẹ̀ sì ń gbé kiri. Ọpọlọ kò ní abà tí ó ń kó oúnjẹ pamọ́ sí. Bí èyí tí ó ń wọlé bá dín, kíá ni iṣẹ́ inú rẹ̀ yóò dàrú.

Ẹ rántí bí ìlú àtijọ́ ṣe rí, pẹ̀lú odi tí ó yí i ká àti ẹnubodè tí oníbodè dúró sí. Ọpọlọ ní irú odi bẹ́ẹ̀. Awọ ara iṣan ẹ̀jẹ̀ tí ó wọ inú rẹ̀ há mọ́ra débi pé kì í ṣe gbogbo ohun tí ẹ̀jẹ̀ bá gbé dé ni ó ń ráyè kọjá. Ọ̀pọ̀ nǹkan ló ní oníbodè tirẹ̀. Oníbodè tí ń gba glúkóòsì wọlé ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè ní GLUT1. Bí GLUT1 bá kéré níye, tàbí tí apá rẹ̀ kò ká iṣẹ́, ọjà yóò kún ẹ̀yìn odi, ebi yóò sì máa pa àwọn tó wà nínú ìlú. Bí a bá wọn ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀, yóò pé pérépéré, kò sì ní sí ohunkóhun níbẹ̀ tí ó fi hàn pé ebi ń pa ọpọlọ.

Ní ọdún 1991 ni Dókítà Darryl De Vivo ará Amẹ́ríkà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀wé nípa ọmọ méjì tí irú rẹ̀ ṣe. Gìrì ń mú wọn láti kékeré, ìdàgbàsókè wọn lọ́ra, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wọn dára, ṣùgbọ́n èyí tó wà nínú omi tó yí ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn ká kò tó nǹkan. Ní ọdún 1998 ni a rí àṣìṣe náà nínú jíìnì kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ SLC2A1, èyí tí ara ń wò bí àpẹẹrẹ nígbà tí ó bá fẹ́ ṣe oníbodè GLUT1. Ẹ̀dà méjì jíìnì yìí ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ní, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ bàbá, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá. Bí ọ̀kan bá bàjẹ́, nǹkan bí ìdajì iṣẹ́ ni yóò kù. Nínú ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn ọmọ wọ̀nyí, àṣìṣe náà ṣẹlẹ̀ fúnra rẹ̀ nígbà tí ìwàláàyè ọmọ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀; kò sí lára bàbá, kò sí lára ìyá, kì í ṣe àfiṣe, kì í sì í ran ẹnikẹ́ni. Mo fẹ́ kí gbogbo ìyá tí wọ́n ti bi rí pé kí ni ó jẹ nígbà oyún ka gbólóhùn yẹn lẹ́ẹ̀kejì.

Gìrì ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ fara hàn, nígbà tí ọmọ kò tíì pé ọdún kan, tí kò sì sí ibà lára rẹ̀. Àwọn mìíràn máa ń sáré yí ojú àti orí sí ẹ̀gbẹ́ léraléra, bíi pé ẹnì kan ń pè wọ́n láti igun yàrá. Bí wọ́n ti ń dàgbà, ẹsẹ̀ wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ múlẹ̀, ọ̀rọ̀ máa ń pẹ́ kí ó tó yọ lẹ́nu wọn, tàbí kí ẹsẹ̀ máa lọ́ wọn lẹ́yìn tí wọ́n bá ti rìn jìnnà. Àmì kan wà tí ó yẹ kí òbí fi sọ́kàn ju ìyókù lọ: ní àárọ̀, kí ọmọ tó jẹun, ara rẹ̀ kì í dá, ọwọ́ ń gbọ̀n, ẹsẹ̀ ń ta gẹ̀ẹ́gẹ̀ẹ́, bí ó bá ti jẹun, ara rẹ̀ á bọ̀ sípò díẹ̀. Ẹ kọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú aago tí ó ṣẹlẹ̀, ẹ fi fóònù ká a sílẹ̀ bí ẹ bá lè ṣe é, kí ẹ sì fi han dókítà.

Àyẹ̀wò tí ó ń tú àṣírí àìsàn yìí ni ti omi ọ̀pá ẹ̀yìn, omi kan náà tí wọ́n ń fà bí wọ́n bá fura sí yírunyírun. Ọmọ yóò ti wà láìjẹun fún bíi wákàtí 4 sí 6, wọn á kọ́kọ́ gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọn á wá fa omi náà, kí wọ́n lè fi ṣúgà inú méjèèjì wéra. Lára ẹni tí ara rẹ̀ dá, ṣúgà inú omi náà tó bíi ìdá 6 nínú 10 ti inú ẹ̀jẹ̀. Lára ọmọ tí GLUT1 rẹ̀ kò tó, ó sábà máa ń wálẹ̀ sí bíi ìdá 4, tàbí kí ó tilẹ̀ kéré jù bẹ́ẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti máa ń dojú rú ni pé yírunyírun náà máa ń mú kí ṣúgà inú omi yìí lọ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ yírunyírun ni, sẹ́ẹ̀lì funfun tí ń bá àrùn jà yóò pọ̀ nínú omi náà. Bí omi bá mọ́ gaara, tí kò sí kòkòrò kankan, tí ṣúgà sì tún lọ sílẹ̀, kò yẹ kí a kàn ki èsì náà bọ inú fáìlì. Ó dùn mí pé ohun tí ó lè tan ìmọ́lẹ̀ sí ọ̀rọ̀ ọmọ lè ti wà lórí ìwé láti ìgbà tí ó wà ní jòjòló, kí ẹnikẹ́ni má sì bojú wò ó. Àyẹ̀wò jíìnì ni wọ́n fi máa ń fìdí rẹ̀ múlẹ̀ lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n kò yẹ kí oúnjẹ náà dúró de èsì jíìnì tí ó lè pẹ́ kí ó tó jáde.

Nínú àìsàn kejì, ẹnubodè ṣí sílẹ̀, ṣúgà ń wọlé, ṣùgbọ́n ọlọ tí ó yẹ kí ó lọ̀ ọ́ ti bàjẹ́. Kí sẹ́ẹ̀lì tó lè fi ṣúgà dáná tán pátápátá, yóò kọ́kọ́ gé e sí ohun tí à ń pè ní pyruvate. Lẹ́yìn náà ni àkójọ ẹ́ńsáìmù kan tí ń jẹ́ pyruvate dehydrogenase, tí àwọn dókítà ń gé kúrú sí PDH, yóò sọ pyruvate di ohun tí iná inú sẹ́ẹ̀lì lè jó. Bí PDH kò bá ṣiṣẹ́, pyruvate á máa ga jọ, ara á sì máa sọ ọ́ di ásíìdì láktíìkì. Ásíìdì yìí náà ni ó ń mú omi ògì kan nígbà tí a bá rẹ àgbàdo sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Nínú ìkòkò ògì, ohun rere ni. Bí ó bá pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ, èémí ọmọ á máa yára, á máa bì, ara rẹ̀ á rọ jọwọrọ. Glúkóòsì tí a ń bù fún irú ọmọ yìí kí ó lè lókun lè jẹ́ ohun tí yóò tún dá a dùbúlẹ̀, nítorí bí ṣúgà ṣe ń pọ̀ ni ásíìdì náà ń pọ̀. Àwọn díẹ̀ wà nínú wọn tí fítámínì B1 púpọ̀ máa ń ràn lọ́wọ́, ìdí nìyẹn tí dókítà fi máa ń dán an wò.

Níbo wá ni ọ̀rá ti wọ ọ̀rọ̀ yìí? Bí ènìyàn bá gbààwẹ̀ pẹ́, tí ṣúgà tó wà ní ìpamọ́ nínú ara tán, ẹ̀dọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀rá ṣe ohun ìdáná mìíràn tí à ń pè ní kítóònù. Kítóònù ní oníbodè tirẹ̀ lẹ́nu odi ọpọlọ, kò sì ní ohun tí ó ń bá GLUT1 pín. Bí ó bá wọlé tán, kò nílò ọlọ PDH, nítorí pé ó ti wá ní lílọ̀. Ọgbọ́n tó wà nínú oúnjẹ kítò ni pé ọmọ ń jẹun, ó ń yó, ó ń dàgbà, ṣùgbọ́n ẹ̀dọ̀ rẹ̀ rò pé ààwẹ̀ ni ó wà, kò sì dẹ́kun à ń pèsè kítóònù fún ọpọlọ.

Láti ayé àtijọ́ ni a ti mọ̀ pé ààwẹ̀ máa ń dá wárápá dúró, ṣùgbọ́n ta ni ó lè gbààwẹ̀ títí láé? Ní ọdún 1921 ni Dókítà Russell Wilder, ní Mayo Clinic ní ìpínlẹ̀ Minnesota ní Amẹ́ríkà, dá a lábàá pé kí a fi oúnjẹ ọlọ́ràá púpọ̀ ṣe ohun tí ààwẹ̀ ń ṣe, òun náà ni ó sì sọ ọ́ lórúkọ. Nígbà tí agbára oògùn wárápá kan tí ń jẹ́ phenytoin hàn síta ní 1938, tí ó sì rọrùn láti gbé mì, oúnjẹ náà bẹ̀rẹ̀ sí í di ìgbàgbé, ó wá ku àwọn ilé ìwòsàn díẹ̀, irú bí Johns Hopkins ní Baltimore, tí kò jẹ́ kí ó parẹ́. Ní 2008, àwọn dókítà ní London, tí ilé ìwòsàn ọmọdé Great Ormond Street wà lára wọn, gbé èsì ìwádìí kan jáde lórí ọmọ 145 tí oògùn kò ran wárápá wọn. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ìdá 38 nínú 100 àwọn tí wọ́n fún ní oúnjẹ yìí ni gìrì wọn ti dín ju ìdajì lọ. Láàárín àwọn tí wọn kò tíì fún, ìdá 6 péré ni. Ẹ kíyè sí i pé oríṣiríṣi wárápá ni ó ń ṣe àwọn ọmọ wọ̀nyẹn. Ní ti ọmọ tí GLUT1 ń yọ lẹ́nu, a kì í dúró kí oògùn kùnà kí a tó lo oúnjẹ náà. Òun ni a ń kọ́kọ́ lò, bí ó bá sì ti yá tó ni ó dára tó, nítorí ọpọlọ tí ó ṣì ń dàgbà kò ní sùúrù fún ebi.

Ìṣirò ibẹ̀ ni ó máa ń ba ọ̀pọ̀ òbí lẹ́rù, nítorí náà ẹ jẹ́ kí a fara balẹ̀ wò ó. Bí wọ́n bá sọ pé ọmọ wà lórí 4 sí 1, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé fún gíráàmù 4 ọ̀rá, gíráàmù 1 péré ni purotéènì àti kàbọ̀háídíréètì gbọ́dọ̀ jẹ́ lápapọ̀. Purotéènì ni ti inú ẹyin, ẹran àti ẹja. Kàbọ̀háídíréètì ni ti oúnjẹ oníṣítáàṣì àti ohun dídùn. Ẹ jẹ́ kí a mú ọmọ kan tí onímọ̀ oúnjẹ sọ pé kálórì 1,200 ni ó nílò lóòjọ́. Ọ̀rá gíráàmù 120 ni tirẹ̀, ìyókù yóò sì jẹ́ gíráàmù 30. Bí purotéènì bá gba 18 nínú rẹ̀, 12 ni ó ṣẹ́ kù fún kàbọ̀háídíréètì láti àárọ̀ dalẹ́. Bí ó bá ń jẹun lẹ́ẹ̀mẹ́ta, gíráàmù 4 ni ó kan oúnjẹ kọ̀ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ṣíbí tíì kan tí ó kún fún ṣúgà ti tó gíráàmù 4. Búrẹ́dì gígé kan ṣoṣo lè gba ti odidi ọjọ́ kan lọ.

Ẹ fojú inú wo ìyá kan ní ilé ìdáná ní aago mẹ́fà àárọ̀. Sikéèlì kékeré tí ń fi nọ́ńbà hàn wà lórí tábìlì; ó gbé abọ́ lé e, ó tẹ̀ ẹ́ kí ó padà sí òdo. Ó fọ́ ẹyin kan sí i, ẹyin náà sì ti gbé nǹkan bíi gíráàmù 6 purotéènì àti gíráàmù 5 ọ̀rá wá. Ọ̀rá gíráàmù 35 ni ó kù kí ó pé 40 tí ó kan oúnjẹ kọ̀ọ̀kan nínú 120 ti òòjọ́, bíi ṣíbí ìjẹun méjì ààbọ̀ òróró. Ó ń dà á díẹ̀díẹ̀, ojú rẹ̀ kò sì kúrò lára nọ́ńbà. Ó fi tẹ̀tẹ̀ díẹ̀ tí ó ti wọ̀n kún un. Nígbà tí ọmọ jẹun tán, òróró ṣì ń dán ní ìdí abọ́. Ó fi ṣíbí rọ́bà ha gbogbo rẹ̀ fún un lá, nítorí pé òróró tí a bá fọ̀ dànù ti ba ìṣirò jẹ́. Àbúrò ọmọ náà ń mu ògì onísúgà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nínú gbogbo iṣẹ́ àárọ̀ yẹn, èyí tí ó le jù ni kí ẹ̀gbọ́n má nawọ́ sí ife àbúrò.

Oríṣi mìíràn wà tí ó rọrùn díẹ̀. Láti ọdún 1971 ni wọ́n ti ń lo òróró kan tí à ń pè ní MCT, tí ẹ̀dọ̀ ń tètè sọ di kítóònù. Inú àgbọn àti ekùrọ́ ni wọ́n ti ń yọ ọ́, ṣùgbọ́n òróró àgbọn tàbí àdí tí a rà lọ́jà kò lè rọ́pò rẹ̀ ní ìwọ̀n kan náà. Láti 2003 ni Johns Hopkins sì ti ń lo èyí tí wọ́n ń pè ní Modified Atkins, tí kò nílò kí a máa wọn gbogbo nǹkan, tí ó sì sábà máa ń bá àwọn ọmọ tí ó ti dàgbà díẹ̀ mu. Epo pupa, ẹ̀gúsí, píà, ẹja ọlọ́ràá, ẹyin àti ẹ̀fọ́ jẹ́ ohun tí onímọ̀ oúnjẹ tí ó mọ̀ wá lè fi ṣe àtòjọ oúnjẹ gidi fún ọmọ wa. Mọ́ínmọ́ín àti àkàrà ni ó máa ń tan òbí jẹ, nítorí a ti kọ́ wa pé ẹ̀wà ń mú ara dàgbà. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ṣítáàṣì inú rẹ̀ pọ̀ jù fún ọmọ yìí.

Ṣúgà tí a kò fojú rí ni ó máa ń ba iṣẹ́ oṣù kan jẹ́ láàárín ọjọ́ kan. Ọ̀pọ̀ oògùn olómi tí a ń fún ọmọdé, títí kan ti ibà àti ti ikọ́, ṣúgà ni wọ́n fi mú un dùn. Bí ọmọ bá dé ilé ìwòsàn tí ara rẹ̀ kò yá, dírípù oníglúkóòsì ni nọ́ọ̀sì máa ń sáré gbé kọ́, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni a ṣe kọ́ ọ. Ìyá àgbà tí ó fẹ́ràn ọmọ-ọmọ rẹ̀ a máa yọ́ bísíkíìtì fún un lẹ́yìn ilé. Ó yẹ kí a jókòó ti ìyá àgbà, kí a ṣàlàyé fún wọn tìfẹ́tìfẹ́, kí wọ́n lè mọ̀ pé bísíkíìtì náà ń gba oúnjẹ lẹ́nu ọpọlọ ọmọ wọn. Ní ti àgbo gìrì tí a fi ìtọ̀ màlúù àti ewé tábà sè, láti àwọn ọdún 1970 ni àwọn dókítà ní Ìbàdàn ti ń kọ̀wé pé ó máa ń fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ walẹ̀ lọ́nà tí ó léwu. Fún ọmọ tí ọpọlọ rẹ̀ kò rí ṣúgà tó tẹ́lẹ̀, ìjàǹbá ńlá ni. Oògùn ilé ìwòsàn pàápàá wà tí ó yẹ kí a bi dókítà nípa rẹ̀: nínú àyẹ̀wò ilé ìwádìí, phenobarbital, tí a fi ń tọ́jú wárápá, àti kaféènì inú kọfí máa ń dí GLUT1 lọ́wọ́ sí i.

Ibí yìí ni mo ti fẹ́ kí ẹni tí ó ń kà á dúró díẹ̀. Àwọn ọmọ kan wà tí a bí pẹ̀lú ara tí kò lè jó ọ̀rá, àwọn mìíràn sì wà tí èròjà tí ń gbé ọ̀rá lọ sí ibi tí a ti ń jó o, èyí tí ń jẹ́ carnitine, kò tó lára wọn. Bí a bá fi irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sórí oúnjẹ yìí, a ti gba ṣúgà lọ́wọ́ rẹ̀, a sì fún un ní ohun tí kò lè lò. Ó lè kú. Bẹ́ẹ̀ náà ni àìsàn kan wà tí ń jẹ́ pyruvate carboxylase deficiency, tí orúkọ rẹ̀ jọ ti PDH bí ìbejì, tí ásíìdì náà sì ń pọ̀ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n tí oúnjẹ kítò jẹ́ èèwọ̀ fún. Nítorí èyí ni a fi ń ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ kí a tó bẹ̀rẹ̀, ìdí sì nìyí tí mo fi ń bẹ òbí pé kí wọ́n má ṣe fi fídíò orí íntánẹ́ẹ̀tì bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nílé.

Oúnjẹ náà ní ìnira tirẹ̀. Àìrígbẹ́yà wọ́pọ̀, èébì sì lè wáyé ní ìbẹ̀rẹ̀. Òkúta lè dì nínú kíndìnrín àwọn ọmọ kan, ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ lè pọ̀, ọmọ sì lè má ga tó bí ó ti yẹ. Kálísíọ́ọ̀mù àti àwọn fítámínì tí kò ní ṣúgà gbọ́dọ̀ máa bá a rìn, nítorí oúnjẹ náà nìkan kò lè pèsè wọn tó. Òbí á máa fi abẹ́rẹ́ kékeré gún orí ìka láti fi ẹ̀rọ wo kítóònù, àwọn dókítà á sì máa wo ẹ̀jẹ̀, ìtọ̀ àti ìdàgbàsókè ọmọ lóòrèkóòrè.

Ohun tí a lè retí kò dọ́gba. Lára ọ̀pọ̀ ọmọ GLUT1, gìrì máa ń dáwọ́ dúró tàbí kí ó dín púpọ̀, nígbà mìíràn láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ọmọ á sì túbọ̀ máa kíyè sí ohun tí ń lọ; ọ̀rọ̀ sísọ àti ẹ̀kọ́ kì í yára bẹ́ẹ̀, ohun tí ó ti bàjẹ́ kí a tó bẹ̀rẹ̀ kì í sì í padà tán. Ó kéré tán, títí ọmọ yóò fi bàlágà ni a sábà máa ń lò ó. Ní ti PDH, ó lè dín ásíìdì àti gìrì kù, ṣùgbọ́n bí ọpọlọ bá ti fara pa láti inú oyún, oúnjẹ kò lè tún ìyẹn ṣe. Mo rò pé ó tọ́ kí dókítà sọ èyí fún òbí ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Àwọn òbí Yorùbá tí ó wà ní Ìlú Ọba lè wá ẹgbẹ́ Matthew's Friends kàn, tí ó ń ran àwọn ìdílé tí ń lo oúnjẹ yìí lọ́wọ́.

Kí ìwé pélébé kan máa wà nínú báàgì ọmọ nígbà gbogbo, kí irú rẹ̀ kan sì wà lọ́wọ́ olùkọ́ rẹ̀. Kí ó sọ pé ọmọ yìí wà lórí oúnjẹ kítò ti ìwòsàn; kí wọ́n wọn ṣúgà ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kí wọ́n tó fi dírípù sí i, kí wọ́n má sì lo oníglúkóòsì àyàfi bí ṣúgà náà bá lọ sílẹ̀ dé ìwọ̀n tí dókítà rẹ̀ kọ síbẹ̀; kí wọ́n wá oògùn tí kò ní ṣúgà fún un; kí nọ́ńbà fóònù dókítà náà sì wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí a fi yíǹkì dúdú kọ ọ́ gàdàgbà.